A Kì í Fárí Lẹ́yìn Olórí: Ìtàn Àyànpín Ọdọọdún nínú Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà àti Àwọn Ọmọ Yorùbá tí Ó Kàn, 1936 sí 2025

1.0 Ìfáárà

Ní gbogbo ìgbà tí ìwé ìpè Àgùnbánirọ̀ bá jáde, ìrísí Ìyànà Iba a máa yí padà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí a dá sílẹ̀ ní 1983, tí ọgbà rẹ̀ ńlá sì wà ní agbègbè Iba, Ojo àti Okokomaiko, a máa dúró ní méjì-méjì àti mẹ́ta-mẹ́ta, wọn a sì máa bi ara wọn pé, ‘Níbo ni wọ́n gbé ọ lọ?’ Ìbéèrè yìí yẹ fún àkíyèsí. Wọn kì í sọ pé, ‘Níbo ni ò ń lọ?’ Nínú gírámà ìbéèrè wọn, akẹ́kọ̀ọ́jáde náà kọ́ ni olùwà. Òun ni àbọ̀. Ẹlòmíràn ni ó gbé e, ibi tí a gbé e sí ni yóò sì wà. Òfin tí ó fi èyí múlẹ̀ ni Àṣẹ Kẹrìnlélógún ti ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún, 1973, tí ìjọba ológun Gowon gbé jáde ní ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí, kí àwọn ọ̀dọ́ lè mọ ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn.

Ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ètò kan wà tí ó fara jọ èyí ní ìrísí, ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ìjọba ni ó dá a sílẹ̀. Àwọn olówó tí wọ́n ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ni wọ́n pilẹ̀ rẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí ọ̀rọ̀ kàn kì í ṣe àfẹsẹ̀gbá tí a mọ̀ nílé. Èyí tí ó rí bí ẹyin ni, tí wọ́n ń gbé sáyà sáré, tí wọ́n ń jù lọ́wọ́, tí wọ́n sì ń gbé ara wọn ṣánlẹ̀ nítorí rẹ̀. Ní ọdọọdún, àwọn ẹgbẹ́ inú líìgì tí a ń pè ní National Football League a máa pàdé, wọn a sì máa pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù yìí ní yunifásítì láàrin ara wọn. Ẹgbẹ́ tí ó bá pe orúkọ ọmọ kan nìkan ni ó lè bá a ṣàdéhùn iṣẹ́ nínú líìgì náà. Ètò yìí ni àpilẹ̀kọ yìí yóò máa pè ní àyànpín, nítorí pé yíyàn àti pípín ni ó pa pọ̀.

Iṣẹ́ tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ ṣe ni láti tọpasẹ̀ àyànpín láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí ó sì wo bí àwọn ọmọ Nàìjíríà, pàápàá àwọn ọmọ Yorùbá, ṣe bá ara wọn nínú rẹ̀. Ohun tí yóò fi hàn ni pé ìbéèrè tí ó wà nídìí ìtàn náà láti ìgbà dé ìgbà kì í ṣe bóyá ìpín náà dọ́gba. Ìbéèrè náà ni èyí tí àwọn àgbà ti fi òwe dáhùn: a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ǹjẹ́ ẹni tí a ń pín wà níbẹ̀ nígbà tí a ń pín in?

2.0 Ìpín nínú Àṣà Yorùbá

Kò sí bí onímọ̀ ṣe lè lóye ìyàtọ̀ tí ó wà nínú àyànpín bí kò bá kọ́kọ́ wo bí ìpín ti rí nílé. Ọ̀nà méjì ni a mọ̀ jù nínú ogún pípín. Èkíní ni ìdí-igi, níbi tí a ti ń pín ogún ní iye aya tí olóògbé ní tí wọ́n bímọ fún un. Èkejì ni orí-ò-jorí, níbi tí olúkúlùkù ọmọ ti ń gba tirẹ̀ lọ́gbọọgba. Ẹjọ́ Danmole àti Dawodu, tí ó ti Èkó dé iwájú Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, fi ẹsẹ̀ ìdí-igi múlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin tí kò tíì kú. Ó sì fi sílẹ̀ fún olórí ẹbí láti lo orí-ò-jorí bí ó bá rí i pé èyí ni yóò mú àlàáfíà wá.

Yàtọ̀ sí ogún, nínú ìpín ojoojúmọ́, ìbáà ṣe ẹran ni o, ìbáà ṣe obì, àgbà ni ó ń kọ́kọ́ mú. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé ni a ní kí ó pín nǹkan, ọgbọ́n wà nínú rẹ̀: ẹni tí ó mọ̀ pé òun ni yóò mú kẹ́yìn kò ní jẹ́ kí ìpín kan kéré ju èkejì lọ. Ipò ni ó ń pinnu ẹni tí yóò ṣáájú.

Àyànpín Amẹ́ríkà yí ìlànà yìí padà pátápátá. Ẹni ìkẹyìn ni ó ń kọ́kọ́ mú. Ẹgbẹ́ tí wọ́n nà jù ní ọdún tí ó kọjá ni yóò kọ́kọ́ yàn, ẹgbẹ́ tí ó gba ife-ẹ̀yẹ ni yóò sì yàn kẹ́yìn ní ìyípo kọ̀ọ̀kan. Lójú ẹni tí a fi àṣà Yorùbá tọ́, èyí lè dà bí ìgbà tí a pe ọmọdé síwájú tí a ní kí bàbá rẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n àánú kọ́ ni ó bí i, bí ìtàn yóò ṣe fi hàn. Ìyàtọ̀ kejì sì wúwo ju èkíní lọ. Obì kò ní ẹnu. Ilẹ̀ kò lè sọ pé ọ̀dọ̀ ọmọ ìyá báyìí ni òun fẹ́ lọ. Láyé ogun, a máa ń ka ẹrú mọ́ ohun ìní, ṣùgbọ́n ayé náà ti kọjá. Nínú àyànpín, ohun tí a ń pín jẹ́ ènìyàn tí ó ní ìfẹ́ inú tirẹ̀.

3.0 Ìbẹ̀rẹ̀ Àyànpín, 1935–1936

Ṣáájú 1936, ọjà ṣí sílẹ̀ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá parí ní yunifásítì lè lọ bá ẹgbẹ́ tí ó wù ú, ẹgbẹ́ méjì tàbí mẹ́ta sì lè máa fi owó du ú. Ní ìparí 1934, orúkọ ọmọkùnrin kan, Stan Kostka, láti Yunifásítì Minnesota, gbòde. Bert Bell, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ni ẹgbẹ́ Philadelphia Eagles, wá a wá a, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ Brooklyn ni ó mú un, tí ó sì san 5,000 dọ́là fún un. Ní àkókò tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀, owó tí ó pọ̀ ni èyí.

Bell kọ́ ẹ̀kọ́ méjì nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àkọ́kọ́ ni pé àwọn ẹgbẹ́ tí ọwọ́ wọn ròkè, bíi Chicago Bears tí ó gba ife-ẹ̀yẹ ní 1933 àti New York Giants tí ó gba tirẹ̀ ní 1934, yóò máa lágbára sí i ni, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni gbogbo ọmọ tí ó mọ bọ́ọ̀lù gbá yóò fẹ́ lọ. Èkejì ni pé bí ẹgbẹ́ méjì bá ń du ènìyàn kan, owó ènìyàn náà ni yóò máa ròkè. Ní oṣù Karùn-ún 1935, ó gbé àbá kan síwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n máa pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde, kí ẹgbẹ́ tí ó gbẹ̀yìn sì máa kọ́kọ́ yàn. George Halas tí ó ni Bears àti Tim Mara tí ó ni Giants, tí àbá náà lè pa lára, fara mọ́ ọn. Ìdí tí wọ́n fi gbà kò ṣòro láti rí: líìgì tí ẹgbẹ́ kan tàbí méjì ń borí nínú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà kò lè pẹ́ kí òǹwòran tó fi í sílẹ̀. Ẹni tí ó bá sì gbà kí a dín agbára rẹ̀ kù díẹ̀ yóò rí èrè nínú owó iṣẹ́ tí kò ní pọ̀ mọ́.

Àyànpín àkọ́kọ́ wáyé ní ọjọ́ 8 oṣù Kejì, 1936, ní hótẹ́ẹ̀lì Ritz-Carlton ní Philadelphia. Ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án ni ó péjọ. Wọ́n yàn ní ìyípo mẹ́sàn-án, ènìyàn 81 ni wọ́n sì pín. Philadelphia ti Bell fúnra rẹ̀ ni ó gbẹ̀yìn ní 1935, nítorí náà òun ni ó kọ́kọ́ pe orúkọ. Ẹni tí ó pè ni Jay Berwanger, ọmọ Yunifásítì Chicago, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àmì-ẹ̀yẹ tí a wá ń pè ní Heisman lẹ́yìn náà, tí òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó gbà á.

Ohun tí ó tẹ̀lé e ni ó yẹ kí òpìtàn dúró lé lórí. Berwanger kò gbá bọ́ọ̀lù kankan nínú líìgì náà. Owó tí ó béèrè pọ̀ ju èyí tí Philadelphia lè san lọ. Wọ́n gbé ẹ̀tọ́ tí wọ́n ní lórí rẹ̀ fún Chicago Bears, Halas náà kò san án, ọmọkùnrin náà sì wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ẹni àkọ́kọ́ tí a pín ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó kọ̀ kí a pín òun. Ibí yìí ni àfiwé àyànpín pẹ̀lú ọjà ẹrú, tí àwọn kan fẹ́ràn láti máa ṣe, ti kọsẹ̀. Àwọn tí wọ́n kó gba ojú ọ̀nà Badagry dé etí òkun kò ní àǹfààní láti sọ pé owó náà kò tó àwọn. Síbẹ̀, òmìnira Berwanger ní ààlà. Ó lè fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ pátápátá. Kò lè ṣe é fún ẹlòmíràn tí ó fẹ́ ẹ.

4.0 Àwọn tí a kò pe orúkọ wọn, 1934–1962

Láti 1934 títí dé 1945, kò sí aláwọ̀ dúdú kankan nínú líìgì náà. Kò sí òfin tí a kọ sílẹ̀ nípa rẹ̀. Wọ́n kàn fi ojú bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni. Kenny Washington, tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún UCLA ní Los Angeles, wà lára àwọn tí ó tayọ jù ní gbogbo Amẹ́ríkà ní 1939. Nígbà tí àyànpín dé, kò sí ẹgbẹ́ kan tí ó pe orúkọ rẹ̀. Ó tó 1946, nígbà tí ẹgbẹ́ Rams kó wá sí Los Angeles, tí àwọn oníwèé ìròyìn aláwọ̀ dúdú sì béèrè ìdí tí pápá tí gbogbo ìlú fi owó orí kọ́ fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ti aláwọ̀ funfun nìkan, kí òun àti Woody Strode tó ríṣẹ́ níbẹ̀.

Àyànpín ti 1949 ni a kọ́kọ́ pe orúkọ aláwọ̀ dúdú. Bears pe George Taliaferro ti Yunifásítì Indiana ní ìyípo kẹtàlá, ṣùgbọ́n líìgì mìíràn ni ó lọ ní ọdún náà. Ní ìyípo kọkàndínlógún, Detroit pe Wally Triplett ti Penn State, ẹni tí ó wá di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí a yàn tí ó sì gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì náà. Ní 1962, Ernie Davis ti Syracuse di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí orúkọ rẹ̀ ṣáájú gbogbo orúkọ. Washington, ẹgbẹ́ tí ó pẹ́ jù kí ó tó gba aláwọ̀ dúdú láàyè, ni ó pè é, tí ó sì gbé e fún Cleveland. Àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ pa á ní 1963 kí ó tó gbá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìpín yìí ni pé àyànpín ní ìjìyà méjì lọ́wọ́. Ẹni tí a pè kò lè yan ọ̀gá rẹ̀. Ẹni tí a kò pè, pàápàá nígbà tí gbogbo àwọn tí ń pè ti fi ohùn ṣọ̀kan, kò ní ọ̀nà láti wọlé rárá. Nínú ọjà tí ó ṣí sílẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo tí ó bá ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ ti tó. Níbi tí gbogbo olùrajà bá ti jókòó yí tábìlì kan ká, ìyara-ẹni-sọ́tọ̀ ṣòro púpọ̀.

5.0 Ilé-ẹjọ́ àti Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́, 1960–2011

Ní 1960, líìgì tuntun kan bẹ̀rẹ̀, òun náà sì ní àyànpín tirẹ̀. Láàrin ọdún bíi mélòó kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan lè ní ọ̀gá méjì tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́. Joe Namath ti Alabama ni àpẹẹrẹ rẹ̀. Ní 1965, St. Louis yàn án nínú líìgì àtijọ́, New York Jets sì yàn án nínú líìgì tuntun. Jets ni ó lọ, fún 427,000 dọ́là. Bí a bá fi èyí wé 5,000 dọ́là ti Kostka, yóò hàn gbangba ohun tí àwọn olówó ń sá fún ní 1935. Ní oṣù Kẹfà 1966, líìgì méjèèjì fohùn ṣọ̀kan láti di ọ̀kan, àyànpín kan ṣoṣo sì bẹ̀rẹ̀ ní 1967. Ọjà tún padà di ti ẹnìkan.

Ọdún kan lẹ́yìn èyí ni James ‘Yazoo’ Smith ti Yunifásítì Oregon bọ́ sí ọwọ́ Washington ní ìyípo kìíní. Owó tí ó gbà ní ọdún náà jẹ́ 50,000 dọ́là. Nínú ìdíje tí ó kẹ́yìn ọdún náà ni ó fi ọrùn pa, kò sì lè gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Ní 1970, ó gbé líìgì lọ sí ilé-ẹjọ́. Àròyé rẹ̀ ni pé bí kì í bá ṣe pé wọ́n ti gbìmọ̀ pọ̀ pé ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni ó lè bá òun sọ̀rọ̀, òun ìbá ti gba owó tí ó pọ̀, òun ìbá sì ti rí àdéhùn tí yóò dáàbò bo òun bí òun bá fara pa. Ní 1976, Adájọ́ William Bryant dá a láre, ó ní àyànpín bí ó ti wà ní 1968 lòdì sí òfin tí ó ka gbígbìmọ̀ láti ti ọjà pa léèwọ̀. Ní 1978, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn gbà pé ó lòdì sí òfin náà lóòótọ́.

Ó yẹ kí àyànpín ti parí síbẹ̀. Kò parí, ìdí rẹ̀ sì ni ìkóríta pàtàkì inú ìtàn yìí. Ní 1977, kí ẹjọ́ náà tó parí, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù bá àwọn olówó ṣe àdéhùn, wọ́n sì fi àyànpín sínú rẹ̀. Ìyípo rẹ̀ dín kù láti 17 sí 12. Nígbà tí ó di 1994, ó ti di 7. Gẹ́gẹ́ bí òfin iṣẹ́ Amẹ́ríkà, ohun tí òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá bá jọ jókòó fọwọ́ sí, ilé-ẹjọ́ kì í sábà tú u ká ní orúkọ òfin ọjà. Ohun tí ó jẹ́ ìgbìmọ̀pọ̀ ní 1968 di àdéhùn ní 1977. Àyànpín kan náà ni. Ẹni tí ó wà lórí ìjókòó ni ó yàtọ̀. Olórí ti wà níbẹ̀ nígbà tí a ń fárí.

Ṣùgbọ́n ṣé olórí gan-an ni? Àwọn tí wọ́n ti wà nínú líìgì ni wọ́n ń dìbò nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Àwọn tí a ń pín ṣì wà ní yunifásítì. Àwọn mìíràn ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ní 2004, Maurice Clarett ti Ohio State lọ sí ilé-ẹjọ́ láti tako ìlànà tí ó ní ọmọ kò lè wọ àyànpín àfi bí ọdún mẹ́ta bá ti kọjá tí ó jáde ní girama. Ilé-ẹjọ́ kìíní dá a láre. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà wà lára ohun tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti àwọn olówó ń jọ sọ. Wọ́n ti fi orúkọ ẹni tí kò tíì di ọmọ ẹgbẹ́ bọ̀wé.

Àpẹẹrẹ tí ó ṣe kedere jù ni ti 2011. Ní 2010, ẹni tí a kọ́kọ́ pè, Sam Bradford, bá St. Louis ṣe àdéhùn ọdún mẹ́fà tí owó rẹ̀ lè tó mílíọ̀nù 78 dọ́là. Ní 2011, lẹ́yìn àdéhùn tuntun tí ó fi òdiwọ̀n sí owó àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, Cam Newton tí ó wà ní ipò kan náà gba bíi mílíọ̀nù 22 fún ọdún mẹ́rin. Àwọn àgbà ni wọ́n fọwọ́ sí i. Ìlànà tí ó yí àṣà padà láàrin àwọn ẹgbẹ́, tí ó ní kí ẹni ìkẹyìn mú ṣáájú, kò dé àárín àwọn òṣìṣẹ́. Níbẹ̀, bíi ti ìdí obì nílé, àgbà ṣì ni ó kọ́kọ́ mú.

6.0 Àwọn Ọmọ Yorùbá nínú Àyànpín

6.1 Ọlájuwọ́n, 1984

Orúkọ ọmọ Yorùbá tí ó kọ́kọ́ di ọ̀rọ̀ gbogbo ayé nínú àyànpín kò jáde láti inú bọ́ọ̀lù alẹ́yin. Inú àyànpín ti bọ́ọ̀lù inú agbọ̀n, tí a mọ̀ sí básíkẹ́tì, ni ó ti jáde. Hakeem Olajuwon, tí a bí sí Èkó ní 1963, tí ó sì lọ sí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Olùkọ́ni Mùsùlùmí ní Èkó, gba Yunifásítì Houston lọ. Ní oṣù Kẹfà 1984, orúkọ rẹ̀ ni a kọ́kọ́ pè, ṣáájú Michael Jordan tí ó ṣe ẹnìkẹta.

Ọ̀nà tí wọ́n fi mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ yàn nígbà náà ni kí ẹgbẹ́ tí ó gbẹ̀yìn ní apá méjèèjì líìgì náà ju owó ẹyọ sókè. Houston Rockets ni ó jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn ti wà nílẹ̀ pé ẹgbẹ́ náà mọ̀ọ́mọ̀ ń jẹ́ kí wọ́n nà án kí ó lè gbẹ̀yìn. Ní 1985, líìgì náà fi ṣíṣẹ́ kèké láàrin gbogbo àwọn ẹgbẹ́ tí kò wọ ìdíje àṣekágbá rọ́pò owó ẹyọ. Èyí túmọ̀ sí pé àṣírí àléébù tí ó wà nínú ìlànà ‘ẹni ìkẹyìn ni kí ó ṣáájú’ tú ní ọdún tí ọmọ Èkó ni ohun tí gbogbo wọn ń wá. Bí a bá ń fi èrè fún ìkẹyìn, àwọn kan yóò du ipò ìkẹyìn. Àṣà tí ó ní kí àgbà mú ṣáájú ní àléébù tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè mọ̀ọ́mọ̀ di àgbà lóru ọjọ́ kan. Ọlájuwọ́n náà kò já wọn kulẹ̀; Houston gba ife-ẹ̀yẹ ní 1994 àti 1995.

6.2 Láti ẹsẹ̀ dé apá, 1981–2003

Nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà gan-an, ẹsẹ̀ ni àwọn ọmọ Nàìjíríà kọ́kọ́ gbé wọlé. Obed Ariri àti Donald Igwebuike, tí wọ́n lọ sí Yunifásítì Clemson, jẹ́ ẹni tí ó mọ bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá láti ilé. Títa bọ́ọ̀lù gba àárín òpó ni iṣẹ́ wọn. Baltimore pe Ariri ní ìyípo keje ní 1981, Tampa Bay sì pe Igwebuike ní ìyípo kẹwàá ní 1985. Christian Okoye, tí a bí ní Enugu, bá eré ìdárayá lọ sí Yunifásítì Azusa Pacific ní California. Nígbà tí a kò mú un mọ́ àwọn tí yóò ṣojú Nàìjíríà ní Òlíḿpíìkì 1984, ó yà sí bọ́ọ̀lù tí kò gbá rí. Kansas City yàn án ní ìyípo kejì ní 1987; ní 1989, òun ni ó gbé bọ́ọ̀lù sáré jìnnà jù nínú líìgì.

Àwọn ọmọ Yorùbá tí ó tẹ̀lé wọn jẹ́ ọmọ àwọn tí ó ti fi Amẹ́ríkà ṣe ilé. Jacksonville pe Akin Ayodele ti Purdue ní ìyípo kẹta ní 2002. Ṣùgbọ́n ìtàn àwọn tí a kò pè kọ́ni jù bẹ́ẹ̀ lọ. Adewale Ogunleye ti Yunifásítì Indiana fi orúnkún pa ní 1999. Nígbà tí àyànpín 2000 dé, wọ́n pe gbogbo orúkọ tán, tirẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó wọ Miami láì ní ìyípo kankan. Ní 2003, ó ṣe ipò kìíní nínú ìdajì líìgì tí ó wà nínú gbígbé olùju-bọ́ọ̀lù àwọn alátakò ṣánlẹ̀, ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Brendon Ayanbadejo, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kò rí ẹni pè é ní 1999. Ó gba Kánádà yí ká kí ó tó padà, a sì yàn án sínú ẹgbẹ́ àwọn ìràwọ̀ líìgì ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Àyànpín kò ju àsọtẹ́lẹ̀ lọ. Nítorí pé owó ń tẹ̀lé àsọtẹ́lẹ̀ náà, ẹni tí a ṣì sọ ni ó ń san gbèsè àṣìsọ.

6.3 Àkókò ìkórè, 2021–2025

Láti 2021, àwọn orúkọ Yorùbá ti pọ̀ nínú àyànpín. Ní ọdún náà, New York Giants pe Azeez Ojulari ní ipò 50, Indianapolis pe Dayo Odeyingbo ní ipò 54, Atlanta sì pe Adetokunbo Ogundeji ní ìyípo karùn-ún. Ní 2022, Seattle pe Boye Mafe ní ipò 40. Ní 2023, BJ Ojulari, àbúrò Azeez, bọ́ sí Arizona; Adetomiwa Adebawore bọ́ sí Indianapolis; Olu Oluwatimi sì bọ́ sí Seattle. Ní 2024, ní Detroit, níbi tí òǹwòran tí ó ju 700,000 ti péjọ láàrin ọjọ́ mẹ́ta, New York Jets pe Olumuyiwa Fashanu ní ipò 11. Ní 2025, Tennessee pe Oluwafemi Oladejo ní ipò 52.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Adétòkunbọ̀ jẹ́ orúkọ tí a ń fún ọmọ tí a bí sí òkè òkun, pẹ̀lú ìrètí pé adé náà ń padà bọ̀. Orúkọ náà ń wo ilé. Ètò tí ó pè é ń gbé e lọ sí ìlú tí ẹlòmíràn yàn fún un. Olúmúyìwá sì di Olu lẹ́nu àwọn olùkéde, bí Oluwatimi náà ti di Olu. Orúkọ méjì tí ìtàn wọn yàtọ̀ di ọ̀kan náà, nítorí pé ibi tí a gé e sí ni ahọ́n wọn mọ. Lójú ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, èyí kéré. Lójú àwọn òbí tí wọ́n jókòó sí iwájú tẹlifíṣọ̀n, ó kéré ju kí a má pè é lọ, ó sì pọ̀ ju kí a má rí i lọ.

Ọ̀rọ̀ Odeyingbo tún mú ti Yazoo Smith wá sí ìrántí. Iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀ já ní oṣù kìíní 2021, oṣù díẹ̀ ṣáájú àyànpín. Síbẹ̀, wọ́n pè é ní ìyípo kejì. David Ojabo, tí a bí ní Nàìjíríà tí ó sì dàgbà ní Scotland, ní irú ìfarapa kan náà níbi tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ ti ń yẹ̀ ẹ́ wò ní 2022. Òun náà sọ̀kalẹ̀ sí ìyípo kejì. Níwọ̀n bí òdiwọ̀n owó ti so mọ́ ipò tí a bá ti pe ènìyàn, ìgbésẹ̀ kan tí ó ṣì lórí pápá ìdánwò, níbi tí kò sí owó iṣẹ́, a máa gé owó ọdún mẹ́rin kù.

7.0 Ohun tí Ó Kan Àwọn tí Ó Wà Nílé

Àwọn ọ̀dọ́ Iba àti Okokomaiko tí wọ́n ga tí wọ́n sì yára kò sí lábẹ́ ètò yìí bí ó ti rí. Ojú ọ̀nà yunifásítì Amẹ́ríkà ni àyànpín ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn yunifásítì náà ni ó ń tọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí dàgbà fún líìgì, ó sì tó 2021 kí a tó gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ máa jèrè lórí orúkọ ara rẹ̀. Fún àwọn tí ó wà lẹ́yìn odi, ọ̀nà kékeré kan ṣí ní 2017, nígbà tí líìgì bẹ̀rẹ̀ ètò kan fún àwọn àjèjì. Efe Obada, tí a bí ní Nàìjíríà tí ó sì dàgbà ní Lọ́ńdọ̀nù, wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí ó gbà á. Ní 2022, líìgì gbé àgọ́ ìdánwò kan kalẹ̀ ní Ghana. Osi Umenyiora, ọmọ Nàìjíríà tí Giants yàn ní ìyípo kejì ní 2003, ni ó wà nídìí iṣẹ́ náà ní Áfíríkà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rán ọmọ rẹ̀ lọ sí irú àgọ́ bẹ́ẹ̀ yóò ṣe dáadáa bí ó bá rántí ìtàn tí ó ṣáájú. Wọ́n ń díwọ̀n gíga, wọ́n ń díwọ̀n ìwọ̀n, wọ́n ń ka ìṣẹ́jú àáyá. Kò sí èyí tí ó burú nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìbéèrè tí ó yẹ kí òbí béèrè ni irú èyí tí Smith béèrè ní 1970: bí ọrùn ọmọ yìí bá ṣẹ́, ta ni yóò san kí ni, inú ìwé wo ni ó sì wà?

8.0 Ìkádìí

Àpilẹ̀kọ yìí ti fi hàn pé ìṣòro méjì ni a bí àyànpín láti yanjú ní 1935: àìdọ́gba láàrin ẹgbẹ́ àti owó iṣẹ́ tí ń ròkè. Ìṣòro kìíní ni a máa ń gbé sójú òde. Èkejì ni ó máa ń hàn nígbàkigbà tí líìgì méjì bá wà tàbí tí ẹnì kan bá lọ sí ilé-ẹjọ́. Ó tún ti fi hàn pé kì í ṣe bí ìpín náà ṣe dọ́gba tó ni ó sọ ọ́ di ohun tí òfin gbà. Ohùn òṣìṣẹ́ nínú àdéhùn 1977 ni. Ààbọ̀ ohùn sì ni, níwọ̀n bí àwọn tí ó ti wọlé ti ń sọ̀rọ̀ ní orúkọ àwọn tí ó ń bọ̀.

Ibi tí ìtàn yìí ti kan ètò Àgùnbánirọ̀ ni èyí náà. Ète àwọn méjèèjì yàtọ̀: ọ̀kan ń wá ìṣọ̀kan orílẹ̀-èdè, èkejì ń wá èrè. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ń gbé ọ̀dọ́ tí ó kàwé gba ibi tí ó lè má yàn fún ara rẹ̀, àwọn tí a sì gbé lọ kọ́ ni wọ́n kọ òfin rẹ̀. Àwọn tí ó ń bi ara wọn ní Ìyànà Iba pé níbo ni wọ́n gbé ọ lọ mọ ohun tí wọ́n ń sọ ju bí wọ́n ti rò lọ. Ìpín lè dára, orí tí a fá sì lè dán. Olórí ni ó yẹ kí ó sọ bóyá ó fẹ́ kí a fá a.